Sátidé Kan ní Braemar: Eré Àwọn Ará Òkè Skọ́tíláǹdì, Lójú Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde

Ó ti lé ní ọdún kan tí a ti lọ, síbẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan kì í jókòó sórí àpótí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Ajé, kó gbé aṣọ tó ń wò sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ní, "Alhaja, eré Skọ́tíláǹdì tí ẹ lọ wò yẹn, ṣé ó tó Ojúde Ọba?" Ìbéèrè ọmọ Ìjẹ̀bú nìyẹn, àwa tí à ń fi ẹgbẹ́ àti ẹṣin jáde lọ kí ọba wa lójúde lẹ́yìn Iléyá. A kì í béèrè pé ṣé ó dára. Ohun tí à ń béèrè ni pé ṣé ó tó tiwa. Nínú ẹgbẹ́ wa nìkan, ìyá mẹ́ta ló ní ọmọ ní Aberdeen àti Dundee, ọ̀kan nínú wọn sì ti gba físà báyìí, ó fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ìkókó. Òun gan-an ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ èyí. Ìyá Ìbejì, ẹ lọ. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ ní kí ọkọ ọmọ yín fi mọ́tò gbé yín dé Braemar. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré òyìnbó ni, kò kàn yín.

Àwa mẹ́fà la lọ: èmi, Alhaji ọkọ mi, ọmọ wa obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Aberdeen, ọkọ rẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn méjì, ọkùnrin ọmọ ọdún 9 àti obìnrin ọmọ ọdún 6. Ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni. Inú oṣù Kẹfà ọdún yẹn náà ni Ojúde Ọba tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin rẹ̀ fi kárí gbogbo ayé, nítorí náà orí àwa ọmọ Ìjẹ̀bú ṣì ń wú nígbà tí a wọ bàálù. Ilé Balógun ni wọ́n bí Alhaji sí. Àti kékeré ló ti ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun ẹṣin lọ kí Kábíyèsí lójúde, orúnkún ló dá a dúró. Nígbà tí ọkọ ọmọ wa ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì eré kan tí ọba ìlú Òyìnbó fúnra rẹ̀ máa ń wá wò, Alhaji kò bèèrè ohun mìíràn, ó ní, "Ẹṣin ńkọ́?" Wọ́n ní kò sí ẹlẹ́ṣin. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ó dáa, a óò lọ wo ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì: ẹ rà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní kùtùkùtù. Àga tó ní orí, tí òjò kò ní í pa yín, ni kó jẹ́ ti àgbà. Àwọn kan wà lórí koríko tí wọ́n tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, inú wọn dùn, ṣùgbọ́n orúnkún Alhaji kò gba ìyẹn.

Ọ̀nà ibẹ̀ dùn ún rìn. Láti Aberdeen dé Braemar fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 60, bí ẹni ń ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó, ṣùgbọ́n ẹ̀bá odò kan tí wọ́n ń pè ní Dee lẹ ó máa tọ̀ lọ. Bí ẹ ti ń lọ lòkè ń ga sí i, igi páìnì ń pọ̀ sí i, ewéko àwọ̀ àlùkò sì bo ara òkè bí ẹni tẹ́ ẹní lé e. Ẹ ó kọjá níwájú Balmoral, ilé ìsinmi àwọn ọba wọn, ibi tí Ọbabìnrin Elizabeth ti papò dà ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Ìlú kékeré ni Braemar. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe òtútù eré: ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn −27.2 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ní oṣù Kìíní ọdún 1982, kò sì tíì sí ibi tí òtútù ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tíláǹdì. Oṣù Kẹsàn-án kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì inú méjì. Mo wọ mẹ́ta.

Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti bí mi nínú ni ibi tí a sùn ní alẹ́ Fúráídeè. N kò ní í dárúkọ ilé náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní í sọ ìlú tó wà. Yàrá méjì la sanwó fún, ọkọ ọmọ mi sì ní ìwé rẹ̀ lórí fóònù. Nígbà tí a dé, obìnrin tó wà nídìí tábìlì ní yàrá kan ló kù, wọ́n ti fi ìkejì fún ẹlòmíràn, wọn yóò dá owó padà tó bá yá. Àwa mẹ́fà nínú yàrá kan, pẹ̀lú bàbá ẹni ọdún 71. Alhaji sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi pẹ̀lú àwọn ọmọ sùn sórí ìkejì bí ẹja tí wọ́n tò sínú agolo, ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Owó náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì bẹ̀ wá. Ẹ fóònù sí ilé tí ẹ bá fẹ́ sùn sí lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún yín pé yàrá yín wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo ní kí a wọṣọ. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì, òtútù wà." Mo ní màá wọ jákẹ́ẹ̀tì sínú. N kò lè lọ síbi tí ọba ń bọ̀ kí n wọ ṣòkòtò jíǹsì. Aṣọ ẹgbẹ́ wa tí a fi jáde lójúde lóṣù Kẹfà ni mo wọ̀, pẹ̀lú gèlè, Alhaji sì wọ agbádá, ó dé fìlà, ó fi ìborùn òtútù sábẹ́ rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ẹnu ọ̀nà ni ayẹyẹ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló wọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn, láti ọmọdé tí kò tíì mọ ìrìn tán dé bàbá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Ẹni tó bá wọṣọ ìlú rẹ̀ láàárín ẹni tó wọṣọ ìlú tirẹ̀, kò ní í ṣe àjèjì níbẹ̀.

Aṣọ ni mò ń tà láti ọdún 1987, nítorí náà ẹ fojú jìn mí bí mo bá pẹ́ díẹ̀ lórí èyí. Aṣọ tí àwọn ọkùnrin wọn ń ró, tí wọ́n ń pè ní kilt, ojú fóònù kò lè fi í hàn yín. Àwọn èèyàn wa máa ń fojú síkẹ́ẹ̀tì wò ó. Kì í ṣe síkẹ́ẹ̀tì. Tọkọtaya arúgbó kan jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún wa. Ìyá náà kọ́kọ́ béèrè bóyá òun lè fọwọ́ kan gèlè mi, mo ní kí ó fọwọ́ kàn án. Èmi náà ní ṣé mo lè wo aṣọ ọkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó di èjìká ọkọ rẹ̀ mú, ó sì yí i padà kí n lè rí ẹ̀yìn. Aṣọ òwú àgùntàn gidi ni, ó wúwo, ó lé ní yáàdì 7 tí wọ́n ká sí ara ẹnì kan ṣoṣo. Iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ méjèèjì gorí ara wọn, tí bọ́kù rẹ̀ wà ní ìbàdí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀yìn yẹn jẹ́ pílíìtì láti òkè délẹ̀, ó lé ní ogún tí mo kà, wọ́n sì fi ọwọ́ rán an mọ́lẹ̀ dé ìdí. Aṣọ ṣẹ́ẹ̀kì ni, ìlà àwọ̀ ewé, dúdú, pupa tín-ín-rín kan. Ẹ gbọ́ ohun tí télọ̀ náà ṣe: ó ká pílíìtì kọ̀ọ̀kan débi pé ìlà pupa ti èyí pàdé ìlà pupa ti èkejì, bí ẹni pé kò sí ìká kankan. Tí bàbá náà bá dúró, ẹ ó rò pé aṣọ títẹ́ ni. Tó bá rìn, pílíìtì á là, á ṣí, á tún padà sáyè rẹ̀. Mo ti ń gé aṣọ fún Rẹgbẹ́rẹgbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí wa, láti ọjọ́ pípẹ́, mo mọ iye télọ̀ tó lè mú kí òdòdó dámáàsìkì pàdé ara wọn léjìká. Wọn kò pọ̀. Mo ní kí ó bá mi kí télọ̀ rẹ̀. Ó ní télọ̀ náà ti kú, bàbá òun ló ni aṣọ náà, ó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Olúkúlùkù ìdílé àti àdúgbò ló ní ṣẹ́ẹ̀kì tirẹ̀, bí olúkúlùkù ẹgbẹ́ ṣe ní aṣọ tirẹ̀ lójúde. Bàbá náà sọ ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun àwọn ará òkè ní Culloden lọ́dún 1746, wọ́n ṣòfin pé ọkùnrin tàbí ọmọkùnrin kankan kò gbọdọ̀ wọ aṣọ yìí mọ́, àfi ọmọ ogun ọba. Ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Ọdún 1782 ni wọ́n tó fagi lé òfin náà. Ọdún 36! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún òfin ti di bàbá kó tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀. Alhaji tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n sọ fún un pé àwa náà mọ ohun tó ń sọ, pé ọdún 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà fi ìbọn arọ̀jò-ọta ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ọkọ ọmọ mi ló bá wa túmọ̀, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì wọn le létí. Bàbá náà na ọwọ́, ó sì bọ Alhaji lọ́wọ́, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Eré náà fúnra rẹ̀. Pápá yíyípo kan ni, òkè sì yí i ká. Ohun tí ó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé ohun mẹ́rin ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n ń ju òòlù níhìn-ín, àwọn ọmọbìnrin ń jó lórí pẹpẹ lọ́hùn-ún, àwọn kan ń sáré yí pápá ká, ẹnì kan sì dá dúró ní igun kan tó ń fun fèrè alápò níwájú àwọn onídàájọ́. Ẹ má wá ojú tí ẹ ó fi wo gbogbo rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ wò ó dójú ikú, kí ẹ tó mú òmíràn.

Igi jíjù, tí wọ́n ń pè ní caber, ni Alhaji mú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé igi yìí, nítorí pé òun ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wọn, síbẹ̀ ohun tí mo ti rò nípa rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà kò tọ̀nà. Mo rò pé ẹni tó bá jù ú jìnnà jù ló gbẹ̀bùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Igi Braemar gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 19 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 20, ó sì wúwo tó kílò 60, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì kan àti díẹ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, orí rẹ̀ nípọn, orí tó nípọn yẹn ló sì máa wà lókè. Àwọn ọkùnrin kan á bá a gbé e nàró. Ẹni tó fẹ́ jù ú á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, á fi èjìká gbè é, á fi ọwọ́ méjèèjì yọ́ wálẹ̀ lára rẹ̀ títí dé ìdí, á hun ìka pọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Á wá dìde. Ìgbà tó bá dìde tán yẹn ni gbogbo pápá máa ń dákẹ́, nítorí pé orí igi ń mì lókè bí ọ̀pẹ nígbà ẹ̀fúùfù, ọkùnrin náà sì ń gbé ẹsẹ̀ kéékèèkéé tẹ̀lé ibi tí igi bá fẹ́ ṣubú sí. Tó bá ti tọ́jú rẹ̀ dáadáa, á sáré síwájú, á dúró gbọn-in lójijì, á sì fi ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn já ìdí igi náà sókè. Orí igi ni yóò kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbéra kọjá lókè, kó sì ṣubú síwájú. Aago ni wọ́n fi ń ṣèdájọ́: bí ìdí igi náà bá nà gbọọrọ síwájú ẹni tó jù ú, aago méjìlá gẹ́lẹ́ nìyẹn, ó pé. Bó bá yà sí aago mọ́kànlá tàbí aago kan, ó ti dín. Onídàájọ́ kan á máa sáré tẹ̀lé e lẹ́yìn láti wo ibi tó dojú kọ.

Àwọn tí igi wọn kò yí kọjá ló pọ̀ jù. Àwọn ọkùnrin tó sanra bí ògiri! Igi á gúnlẹ̀, á dúró díẹ̀ bí ẹni ń ronú, á sì padà sẹ́yìn. Alhaji kò mi. Nígbà tó yá ó ní, "Alhaja, wò ó dáadáa. Kì í ṣe agbára nìyẹn. Ẹni tó bá bá igi jà, igi á dà á. Bí ẹṣin ni." Ó ní nígbà tí àwọn bá ń yìnbọn lórí ẹṣin níwájú Kábíyèsí, kì í ṣe ọwọ́ tó di ìjánu ló ń mú ẹṣin dúró, itan ni, àti pé ẹni tó bá ti le ara ti já bọ́. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wá ju tirẹ̀, tí igi náà dìde, tó yí, tó sì sùn síwájú rẹ̀ gbọọrọ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n, Alhaji ló kọ́kọ́ dìde dúró nínú gbogbo ìjókòó wa, agbádá rẹ̀ ká sí apá, ó ń kígbe, "Ó káre! Ọmọ akin!" Àwọn tó wà lẹ́yìn wa kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n bá a kígbe.

Àwọn ohun yòókù tí wọ́n ń jù náà dára. Òkúta kan wà tí ó tó pọ́n-ùn 28, ìdúró lojúkan ni wọ́n ti ń jù ú, kò sí sísáré. Irin kan wà tí ó tó pọ́n-ùn 56, ó lé díẹ̀ ní ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì, ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń gbé e fì láàárín ẹsẹ̀ kí wọ́n tó jù ú gba òkè orí wọn kọjá lórí ọ̀pá. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ sí ọ̀pá náà, tí irin bá sì ń padà bọ̀ wálẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè yẹra. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin fọwọ́ bo ojú ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń bọ̀. Ìfakùn náà wà, ẹni mẹ́jọ mẹ́jọ, n kò ní í fi ìyẹn fà yín, gbogbo ẹni tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Ìjó ni ọmọbìnrin wa kékeré mú, kò sì jẹ́ kí n wo ohun mìíràn fún wákàtí kan. Wọ́n fi idà méjì dábùú ara wọn sílẹ̀, ọmọ náà á máa jó láàárín rẹ̀ lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, láìwo ilẹ̀, fèrè á máa yára sí i. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti idà kúrò láyè rẹ̀ ti pàdánù. Ọmọ kan tí kò lè ju ọdún 10 lọ ti i. Irin dún. Kò dúró, kò sunkún, ó jó o dé ìparí, ó tẹrí ba fún onídàájọ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló tó bú sẹ́kún. Ọmọ-ọmọ mi wò ó títí, ó ní, "Màmá àgbà, ó parí rẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí rẹ̀.

Wọ́n tún ní eré ìje kan tí wọ́n ń sá lọ sórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, Morrone, tí wọ́n á sì sá padà. Ìtàn ẹnu wọn ni pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀: ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Ọba Malcolm kó àwọn ọkùnrin jọ kí wọ́n sáré gun òkè kan tí wọ́n ń pè ní Craig Choinnich, kó lè mọ ẹni tó yára jù láti máa jẹ́ iṣẹ́ òun. Ẹgbẹ́ tó ń ṣètò rẹ̀ lónìí, ọdún 1815 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló dá a sílẹ̀ láti máa ran aláìsàn àti opó wọn lọ́wọ́. Ọbabìnrin Victoria wá wò ó lọ́dún 1848, àwọn ọba kò sì fi í sílẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ẹgbẹ́ àjọni, ẹ ò rí i? Èésú àti ìrànlọ́wọ́ ló bí i, kí ó tó di ayẹyẹ.

Oúnjẹ. Ẹ gbé tiyín lọ. Wọ́n ń ta haggis, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wọn: ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ ọkà òòtù, tí wọ́n sì sè nínú àpòlúkù. Ẹni tó bá ti jẹ ìfun àgbò lọ́jọ́ kejì Iléyá mọ ohun tí mò ń sọ, itọ́ dà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n a béèrè bóyá ẹran haláàlì ni, ẹni tó ń tà á kò lè sọ, nítorí náà a kò fẹnu kàn án. A ra ẹja díndín àti ànàmọ́ díndín níbòmíràn. Ó tutù bí ẹni gbé e láti àná, nígbà tí ọkọ ọmọ mi sì dá a padà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tà á kàn gbé èjìká sókè. A gbàgbé rẹ̀. Ọmọ mi ti se ìkọ́kọ́rẹ́ sínú fúláàsì láti àná, ó ti fi ewùrà tó rà lọ́jà àwọn ará Áfíríkà sè é, mo sì gbé gàrí Ìjẹ̀bú dání láti ilé. A mu gàrí lórí òkè Skọ́tíláǹdì, tí ó kan tí ó sì tutù, kò lo yìnyín. Ìyá tó wà lọ́tùn-ún wa tọ́ ṣíbí kan wò, ojú rẹ̀ súnkì, ó sì ní kí n fún òun ní ìkejì.

Aago Àílà tó nígbà tí wọ́n ń ṣe ìsinmi. A lọ sí ẹ̀yìn mọ́tò, a tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, a kírun. Ọkùnrin aláàbò kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó rí ohun tí à ń ṣe, ó dúró jìnnà títí a fi sálámà, ó wá ní kí a má bínú, òun fẹ́ sọ fún wa pé ọba máa tó dé, kí a tètè padà sáyè wa. Ìwà bẹ́ẹ̀ ni mo fi rántí ibẹ̀.

Ọba dé lọ́sàn-án. Kí ó tó dé, gbogbo ẹgbẹ́ onífèrè tó wà níbẹ̀ ti to ara wọn pọ̀, wọ́n sì wọ pápá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró lójúde nígbà tí ìlù gbogbo ẹgbẹ́ bá pàdé, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí nínú àyà. Fèrè alápò kì í ṣe ohùn tó dùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í dáwọ́ dúró, tó ń hó bí oyin, orin wá ń gùn lórí ìyẹn. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí ó bá pọ̀ báyẹn tó sì ń bọ̀ wá bá yín, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ bàtà yín.

Ọba Charles sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, òun náà ró kilt, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo èèyàn dìde. Kò sí ìdọ̀bálẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ tó ń jó wá síwájú rẹ̀, kò sí oríkì. Ó jókòó nínú àgọ́ kékeré kan ó ń wo ìfakùn bí gbogbo wa ṣe ń wò ó. Alhaji dúró, ó bọ́ fìlà, n kò sì mọ ohun tó ń rò títí ó fi ní, "Kí Ọlọ́run dá Kábíyèsí wa sí." Ọba Síkírù Adétọ̀nà ṣì wà láyé nígbà náà, ó ti lé ní ọdún 64 lórí ìtẹ́, láti 1960. Oṣù Keje ọdún 2025 ni wọ́n wàjà. Mo ń kọ ibí yìí, mo sì tún ń gbọ́ bí Alhaji ṣe sọ ọ́ láàárín àwọn àjèjì, fìlà lọ́wọ́.

Ní Sọ́ńdè, bí a ti ń padà sí Aberdeen, ọkọ ọmọ mi yà sí ibi kan tí wọ́n ń pè ní Potarch, létí afárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibẹ̀. Òkúta méjì ló wà níbẹ̀, olúkúlùkù ní òrùka irin lórí. Àpapọ̀ wọn jẹ́ pọ́n-ùn 733, ó ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà lọ. Ọmọ àdúgbò yẹn kan, Donald Dinnie, tí wọ́n bí lọ́dún 1837, ló gbé méjèèjì lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì la ìbú afárá náà kọjá lọ́dún 1860. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú òrùka kan, ó fà á, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ó jókòó lé òkúta náà lórí. Kòkòrò tín-ín-tìn-tín kan tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ń jẹ wá létí odò náà, ẹ mú òróró ìpakòkòrò dání.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín jìnnà sí Braemar, láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ káàkiri. Èyí tó wà ní Dunoon ní ìparí oṣù Kẹjọ, ti Cowal, ìjó àti fèrè ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Ceres ní Fife ní tiwọn ti wà láti 1314. Bí ọmọdé bá wà lọ́wọ́ yín, ti ìlú kékeré lè rọrùn jù fún yín.

Ṣé ó tó Ojúde Ọba? Ẹṣin kò sí níbẹ̀. Aṣọ wọn kò ní wúrà, kò ní fàdákà, obìnrin wọn kò sì múra tó ọkùnrin wọn; ní tèmi, ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n tiwọn ní ohun kan tí mo fẹ́ kí a ní: ọmọdé wọn kì í ṣe òǹwòran. Ọmọ ọdún 10 ní ìdíje tirẹ̀, ó ní onídàájọ́ tirẹ̀, ó ní ibi tí yóò ti pàdánù lójú gbogbo ìlú kó sì tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Lójúde, a máa ń gbé ọmọ wa sí èjìká kí wọ́n lè ríran. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ìlù fún àwọn ọmọ, ìjó fún àwọn ọmọ, ẹ̀bùn kékeré. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, mo sì ti dá owó tèmi sílẹ̀ fún un. Braemar, mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ẹṣin ló gba ọ̀kan.

Mo ra yáàdì méjì nínú aṣọ ṣẹ́ẹ̀kì náà, àwọ̀ ewé, dúdú àti ìlà pupa tín-ín-rín. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, lórí pẹpẹ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dámáàsìkì funfun. Ẹ wá fọwọ́ kàn án. N kò tà á.